Mo tẹ «cd ogb», fódà Ogbomoso wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Tab kò parí rẹ̀. Kí ló dé?

Lẹ́tà ńlá ló fà á: lójú bash (ètò tó ń gba àṣẹ tí o bá tẹ̀ nínú tẹ́mínà), O yàtọ̀ sí o. Ṣí fáìlì ìṣètò tìrẹ, ~/.inputrc (bí kò bá sí, dá a sílẹ̀), kí o kọ èyí sí i:

$include /etc/inputrc
set completion-ignore-case on
set show-all-if-ambiguous on

Má fo ìlà àkọ́kọ́ o. Tí ~/.inputrc bá ti wà, /etc/inputrc, tó jẹ́ ti gbogbo ẹ̀rọ, kì í ṣiṣẹ́ mọ́, bọ́tìnì bíi Home àti Delete sì lè ya wèrè. Ìlà kẹta ń jẹ́ kí Tab ẹyọ kan to gbogbo orúkọ tó bá a mu jáde, dípò Tab méjì.

Lẹ́yìn náà, tẹ bind -f ~/.inputrc kí bash lè ka fáìlì náà. Má lo àṣẹ source: readline (ohun tí bash ń lò láti ka ohun tí o bá tẹ̀) ló ni fáìlì yìí, kì í ṣe àṣẹ bash ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà yìí kò kan ẹni tó ń lo zsh (ètò mìíràn bíi bash).