Kí ni ìyàtọ̀ láàrin "oppa" àti "hyung" nínú eré Kòríà?

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni méjèèjì. Ẹni tó ń pè é ló yàtọ̀: obìnrin ló ń sọ oppa, ọkùnrin ló ń sọ hyung. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n obìnrin, obìnrin á pè é ní eonni, ọkùnrin á pè é ní noona. Dongsaeng ni àbúrò, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Kò dìgbà tí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Obìnrin tún máa ń pe àfẹ́sọ́nà tó bá jù ú lọ ní oppa.

Ohun tó ń ṣi àwọn tó ń ṣàgbéyẹ̀wò eré lọ́nà ni pé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá nísàlẹ̀ sábà máa ń fi orúkọ rọ́pò àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ohùn wọn. Bí ọmọbìnrin bá ti ń fi ssi, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tó fẹ́ jọ "Ọ̀gbẹ́ni", kún orúkọ ọkùnrin kan bọ̀, tó wá pè é ní oppa lọ́jọ́ kan, àárín wọn ti yí padà nìyẹn. Ẹ tún gbọ́ yo tó máa ń parí gbólóhùn: ó fẹ́ jọ "ẹ" tiwa. Tí wọ́n bá yọ ọ́, wọ́n ti bọ́ sórí "o", yálà torí ìfẹ́ tàbí torí ìbínú.