Àwọn ológun ti dàgbà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi àti èmi wo fíìmù The Return of the Musketeers nílé wa l'Òkè-Fìà. Bàbá ò tiẹ̀ mọ̀ pé The Three Musketeers ní apá kẹta. Kí ló dé tí kò lókìkí?
— Ọmọ Òṣogbo

ÌDÁHÙN: O ṣeun, àbúrò. Bá mi kí Bàbá. Ọdún 1989 ni Richard Lester gbé e jáde, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn apá kejì. Ní Amẹ́ríkà, kò dé sinimá. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti jáde ní 1991. Ìbànújẹ́ sì wà níbẹ̀: ní 1988, nígbà tí wọ́n ń ya á ní Sípéènì, òṣèré Roy Kinnear, tó ṣe ìránṣẹ́ tó ń jẹ́ Planchet, já bọ́ lórí ẹṣin, ó sì kú. Lester ò darí eré ìtàn kankan mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Inú kásẹ́ẹ̀tì tí mo yá nítòsí Ọjà Ọba ni mo ti wò ó. Àwòrán ń gbọ̀n, àmọ́ mi ò dìde. Àwọn òṣèré Michael York àti Oliver Reed ti dàgbà lóòótọ́, idà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju apá kìíní lọ.