Èsì: Ṣé siopao dára fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà?
Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé siopao, búrẹ́dì ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń fi ooru omi sè ní Philippines, kò ní pa ìyá yín tó ní ìtọ̀ ṣúgà lára. Lóòótọ́, òróró rẹ̀ kò tó ti ohun tí a dín, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣúgà wà nínú ìyẹ̀fun náà, ó tún wà nínú ẹran tí wọ́n ń pè ní asado. Bola-bola, irú siopao mìíràn tí wọ́n máa ń fi ẹyin oníyọ̀ sí, ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí màmá jẹ ju ẹyọ kan lọ, kí wọ́n sì fi ẹ̀fọ́ tì í.

Àwọn ará Ṣáínà tó ń sọ èdè Hokkien ló gbé orúkọ siopao dé Philippines; ìtumọ̀ rẹ̀ ni "búrẹ́dì gbígbóná". Ma Mon Luk, tó ti Guangdong ní Ṣáínà dé Manila, olú-ìlú Philippines, ní 1918, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di oúnjẹ tí gbogbo ìlú mọ̀.