Ìbọn tó ń ki ara rẹ̀: ṣé lóòótọ́ ni gáàsì ń jí agbára ọta?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Texas fẹ́ ra ìbọn tó ń ki ara rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín lọ́hùn-ún. Ọdẹ kan níbí ní kó má dán an wò. Ó ní nínú agbára ẹ̀tù tó yẹ kó ti ọta lọ ni ìbọn náà ti ń yọ èyí tó fi ń ki ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tàsé, ó sì tún máa ń há. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á gbé e bọ̀ wálé fún mi lóṣù Kejìlá.

Ìdáhùn: Òkun o, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tó o fi parí ìwé rẹ ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè sọ èèyàn sí àtìmọ́lé. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ má gbé ìbọn kankan bọ̀ wálé. Òfin Ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1959 ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ìbọn wọ̀lú láìgba àṣẹ ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ ní in nílé láìní ìwé. Kódà ìbọn oníkátíríìjì táwa ọdẹ mọ̀, tí wọ́n lè fúnni níwèé rẹ̀, òfin yọ èyí tó ń ki ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó yọ pump-action náà, èyí tí à ń fọwọ́ fa igi abẹ́ ọ̀pá rẹ̀ síwá sẹ́yìn láti ki í. Ìbọn ológun tó ń lo ọta 7.62 mm jẹ́ èèwọ̀ pátápátá, ọta .308 tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Lásìkò tí ajínigbé gba igbó Yàgbà yìí, ta ló máa dúró gbọ́ àlàyé rẹ bí àwọn sójà bá bá irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà oko? Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò o. Ohun tó bá kù tó o fẹ́ mọ̀, lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ní Lọ́kọ́jà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gáàsì tó ń jí agbára ọta. Mo ti gbọ́ ọ ní Kàbà, mo ti gbọ́ ọ ní Ẹ̀gbẹ̀, ó sì ń bí mi nínú, torí pé àwọn tó ń sọ ọ́ kiri náà ló ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn pé àwọn á bá a tún un ṣe. Iṣẹ́ títún ìbọn ṣe ni mo ṣe nínú ológun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn náà fún ọ.

Bí o bá fa ìbọn, ẹ̀tù inú kátíríìjì á jó, á di gáàsì gbígbóná, gáàsì yìí láá máa ti ọta lọ nínú ọ̀pá ìbọn. Ihò tíntín kan wà lára ọ̀pá náà. Níwọ̀n ìgbà tí ọta kò bá tíì kọjá ihò yẹn, gáàsì kankan kò lè gba ibẹ̀ jáde, torí ẹ̀yìn ọta ni gbogbo gáàsì wà. Ẹ̀yìn tí ọta bá kọjá tán ni díẹ̀ á tó yà síbẹ̀, á ti písítìnì, ìyẹn irin tó ń sún síwá sẹ́yìn, písítìnì á ti bóòtù, irin tó ti ẹ̀yìn kátíríìjì pa, sẹ́yìn, bóòtù á fa kòròfo kátíríìjì jáde á jù ú nù, sípíríìnì á sì dá a padà pẹ̀lú kátíríìjì tuntun láti inú magasíìnì. Àti ìgbà tí ẹ̀tù ti gbaná títí ọta fi jáde lẹ́nu ìbọn kò ju ohun tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Bóòtù ṣì wà ní títì pa nígbà yẹn. Kó tó ṣí, ọta ti wà níta, ó ti ń lọ. Kíkì tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ darí ọta tó ti lọ?

Gáàsì tí wọ́n ń pariwo pé ó sọnù yìí, ẹnu ìbọn ni ì bá gbà jáde lásán. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1889, ní ìlú Ogden ní Utah, John Browning, ọkùnrin kan tó ń ṣe ìbọn, rí i pé nígbà tí ìbọn dún, atẹ́gùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tẹ koríko ba. Ó rí i pé agbára ń ṣòfò, ó sì lọ wá iṣẹ́ fún un.

Ẹni tó bá ti lo FN FAL, ìbọn ológun tó ń fi gáàsì ki ara rẹ̀, mọ ẹ̀rí mìíràn. Ìbọn yẹn ní ibi tí a lè yí láti sé gáàsì pa pátápátá, tí yóò fi jẹ́ pé ọwọ́ la ó máa fi ki í. Bí o bá sé e, agbára ọta kò lé sí i débi tí ẹran kankan fi máa mọ̀. Gígé ọ̀pá ìbọn kúrú ní sẹ̀ntímítà mélòó kan ń dín eré ọta kù ju gbogbo ohun tí ihò gáàsì lè mú lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ dí ihò gáàsì kí ìbọn lè lágbára, tàbí pé òun fẹ́ lu ú kó fẹ̀ kó má baà há mọ́, má gbé ìbọn rẹ fún un. Ihò tó bá fẹ̀ jù á máa gbá bóòtù sẹ́yìn kíkankíkan, ohun tó ń fa kòròfo jáde á kán, ara irin á sì máa fọ́. Ojú èèyàn ló wà lẹ́yìn bóòtù yẹn o!

Mi ò sọ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan. Pákó ìdí irú ìbọn yìí sábà máa ń jẹ́ méjì, ẹrù písítìnì so mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ibi tí a ti ń fà á sì máa ń le. Gbogbo èyí ń mú kí ọta fọ́n ká díẹ̀. Ìbọn tí à ń fọwọ́ ṣí bóòtù rẹ̀, tó bá dára, lè kó ọta mẹ́ta sínú nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 3 ní 100 mítà. Èyí tó ń ki ara rẹ̀, tó bá dára, á kó wọn sí bíi 5. Àmọ́ ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró àgbọ̀nrín wà fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 20. Ẹni tó bá tàsé ibi tó fẹ̀ tóyẹn ní 100 mítà, kó lọ yẹ awò orí ìbọn wò bóyá ó ti tú, kó sì yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó ń dijú nígbà tó ń fà á. Ìyẹn ló wọ́pọ̀ jù.

Ní ti pé ó ń há, ọdẹ yẹn rí òótọ́ sọ, ìdí rẹ̀ ni kò mọ̀. Bí kátíríìjì bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ inú ìbọn tí à ń fọwọ́ ṣí, apá rẹ lágbára, wàá fà á yọ. Sípíríìnì kò ní apá. Ìdọ̀tí tàbí ìpẹtà díẹ̀ ní yàrá kátíríìjì ti tó láti há a, pàápàá níbi tí ìrì àti ooru bá pọ̀. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa fọ yàrá yẹn àti ojú písítìnì. Kó nu òróró kúrò kó ku fẹ́ẹ́rẹ́, torí òróró tó bá pọ̀ á kó eruku jọ. Kátíríìjì ilé iṣẹ́ ni kó máa rà, kó má gba èyí tí ọ̀rẹ́ kì nílé fún un.

Texas kò ní wàhálà fún un lórí irú ìbọn yìí, àmọ́ bó bá ń lọ ṣọdẹ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kó ka òfin ibẹ̀ ná. Ní Pennsylvania, nígbà tí wọ́n fàyè gbà á ní 2017, ẹran kéékèèké ni wọ́n fi í mọ, wọ́n yọ àgbọ̀nrín sílẹ̀.

Bó bá ń wá èyí tó dára, Browning BAR tó ti wà láti 1967 kò ní dójú tì í bó bá ń tọ́jú rẹ̀. Kó ṣọ́ra fún Remington 742 àlòkù. Láàárín 1960 sí 1980 ni wọ́n ṣe é, ó sì pọ̀ lọ́jà pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Bóòtù rẹ̀ máa ń jẹ ojú irin tó ń rìn lé lórí nínú ìbọn, bó bá sì ti jẹ ẹ́, kò sí àtúnṣe tó ń dúró. Kó ní kí wọ́n fa bóòtù sẹ́yìn, kó tan iná sínú rẹ̀, kó sì fọwọ́ pa ojú irin yẹn. Bó bá rí i pé ó ti rí págunpàgun, kó má rà á, iye yòówù kí wọ́n ní àwọn fẹ́ tà á.