Ọmọ Ẹja Tí Ò Dàgbà: Oúnjẹ Ni àbí Omi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja guppy tí mo ń sìn ní pálọ̀ bímọ, mo wá kó àwọn ọmọ náà sínú báàfù ọ̀tọ̀ kí ìyá wọn má bàa jẹ wọ́n. Ó ti tó oṣù méjì báyìí, wọn ò dàgbà, àwọn kan ṣì rí tíńtín bí ìgbà tí wọ́n bí wọn, mo sì ń fún wọn lóúnjẹ o, mi ò febi pa wọ́n. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń da omi wọn nù pátápátá, màá fi ọṣẹ fọ báàfù àti fóòmù fíltà, màá wá pọn omi bọ́hòólù tuntun sí i. Tó bá fi máa di Mọ́ńdè, màá bá òkú méjì mẹ́ta. Ìyàwó mi ní omi ni, èmi ní oúnjẹ ni. Ta ló jàre? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Bọ̀ọ̀dá mi, ìyàwó yín ló jàre, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó ka ìyókù. Kì í ṣe pé ẹ ò pààrọ̀ omi o, bẹ́ ẹ ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀ ni wàhálà.

Ẹ wò ó, ibi tí ẹja ti ń jẹun náà ló ń yàgbẹ́ sí, ibẹ̀ náà ló tún ti ń mí. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní ammonia ń jáde látinú ìgbẹ́ yẹn àti oúnjẹ tó jẹrà nísàlẹ̀, kódà bí ẹja ṣe ń mí ló ń tú u jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Kò láwọ̀, omi á mọ́ gaara lójú yín, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Ẹja ńlá lè rọ́jú, ọmọ kékeré ò lè rọ́jú, tí ò bá pa á, kò ní jẹ́ kó jẹun dáadáa, èyí tó sì jẹ gan-an ò ní hàn lára ẹ̀. Ẹ̀yin á wá rí i pé wọn ò dàgbà, ẹ á bu oúnjẹ kún un, wọn ò ní jẹ ẹ́ tán, ìyẹn náà á tún jẹrà. Akọ guppy tó ti pé oṣù méjì ti yẹ kó ti máa yọ àwọ̀ nírù.

Ti fóòmù yẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Àwọn kòkòrò tójú ò lè rí ló ń gbé inú ẹ̀, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa sọ ammonia di nitrite, nitrite náà ṣì ń pa ẹja o, àwọn mìíràn á wá sọ ìyẹn di nitrate tí ò fi bẹ́ẹ̀ léwu, òun la wá ń fi omi pípààrọ̀ dín kù. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́, ẹ̀yin sì ń fi ọṣẹ pa wọ́n ní gbogbo Sátidé! Ẹ wá ń bi mí léèrè òkú ọjọ́ Mọ́ńdè. Tí fóòmù bá dí, ẹ kì í bọnú omi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bù kúrò nínú báàfù náà, kẹ́ ẹ rọra fún un bí ẹni ń fún aṣọ, ó tán, tó bá ṣì dúdú díẹ̀ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó fún wọn lóúnjẹ, ẹ mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gbé afẹ́fẹ́ láti ara pọ́ǹpù, ẹ so aṣọ nẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹnu tó máa wà nínú omi, kẹ́ ẹ fà á gba ìsàlẹ̀, níbi tí ìdọ̀tí jókòó sí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun ni kẹ́ ẹ fi gbè é, torí ọmọ ẹja á ṣì yọ́ gba ibẹ̀ kọjá, inú funfun lẹ ti máa rí ojú wọn dúdú méjì tó ń sáré kiri, ẹ fi kọ́ọ̀bù bù wọ́n padà. Ìdá mẹ́rin omi náà kan, lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì méjì, ó tó. Àmọ́ ẹni tí omi tiẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ láìpààrọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdá mẹ́wàá kan, torí irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń kan, kíkan yẹn sì máa ń dín agbára ammonia kù, tó bá wá da omi tí ò kan lé e lójijì, agbára ẹ̀ á padà dé.

Omi bọ́hòólù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kì í sábà tó ẹja mí, ẹ pọn ọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì láti alẹ́, kẹ́ ẹ ki pọ́ǹpù bọ̀ ọ́. Àwọn tó ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba ní tiwọn, chlorine ni kí wọ́n ṣọ́ra fún, kí wọ́n bá ẹni tó ń ta ẹja ra oògùn tó ń pa agbára chlorine náà.

Oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lóòjọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Tó bá jẹ́ pupa ẹyin lẹ̀ ń fún wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jáwọ́, kò sóhun tó ń ba omi jẹ́ tó o. Kẹ́ ẹ sì ya àwọn tó tóbi sọ́tọ̀, torí àwọn ló ń já oúnjẹ gbà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé bí ilé ẹja bá ṣe tóbi tó ló ṣe máa dàgbà mọ? (Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Tí ilé bá kéré, ìdọ̀tí á tètè pọ̀ nínú ẹ̀, òun ló ń dá a dúró, kì í ṣe pé ẹja náà mọ ààlà. Goldfish tẹ́ ẹ rí nínú abọ́ dígí yẹn lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà nínú adágún.

ÌBÉÈRÈ: NEPA ò mú iná wá láti àná, pọ́ǹpù mi ti kú, àwọn ọmọ ẹja ti ń yọ ẹnu sókè omi. Ẹ gbà mí! (Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ má bọ́ wọn rárá títí iná á fi dé, ebi ọjọ́ kan ò ní pa wọ́n. Ẹ máa fi kọ́ọ̀bù bu omi náà, kẹ́ ẹ máa dà á padà láti òkè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè fa afẹ́fẹ́ wọlé, kẹ́ ẹ sì wá owó ra pọ́ǹpù oníbátìrì, kò wọ́n tó jẹnẹrétọ̀. Tí iná bá dé, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ti ṣiṣẹ́ tó wákàtí kan ná kẹ́ ẹ tó fún wọn ní nǹkan jẹ.