Ẹran Apá Tó Ń Fò: Kí Ni Skáànù Lè Rí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 54, ń ṣe oko kòkó lẹ́bàá Òǹdó. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹran apá òsì rẹ̀ ti ń fò fúnra rẹ̀. Ọwọ́ náà ti ń rù, kò lè fi í de bọ́tìnì mọ́. Dókítà ń fura sí àìsàn tí wọ́n ń pè ní MND, ó ní kí a lọ ya skáànù apá. Ṣé kì í ṣe aláboyún ni wọ́n ń ya skáànù fún ni? — Àbúrò rẹ̀, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ kan náà ni, próòbù, ìyẹn orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé ara, ló yàtọ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, tí wọ́n fi ń wo ikùn, kò rí ohun tó sún mọ́ awọ dáadáa. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n fi ń wo gẹ̀gẹ̀ àti ọmú, ni kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ní kí ẹ tó wọkọ̀.

MND ń pa àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wá sínú ẹran ara. Iṣan tó ń kú a máa ta fúnra rẹ̀ bíi wáyà tó ti bó, ìwọ̀nba ẹran tó ń darí á sì fò lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Ojú lásán ń rí èyí tó wà lókè. Skáànù ń rí èyí tó wà nísàlẹ̀, láìgún èèyàn lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ EMG, tí wọ́n ń gún sínú ẹran láti gbọ́ iná mànàmáná inú rẹ̀, kò gbọ́ ju àyíká ẹnu rẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn sá fún un: òun ló ń fi hàn pé iṣan ti bàjẹ́ lóòótọ́.

Fífò nìkan kì í ṣe MND. Àìsùn, kọfí àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó ń mú ẹran fò, pàápàá ẹran ẹsẹ̀. Rírù àti àìlágbára ọwọ́ ló mú ti ẹ̀gbọ́n yín wúwo. Síbẹ̀, egungun ọrùn tó tẹ iṣan mọ́lẹ̀ lè ṣe irú èyí sí apá kan, nítorí náà bí wọ́n bá ní kí ẹ ya MRI ọrùn (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ òòfà ńlá yà), ẹ yà á. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń fín oògùn apakòkòrò sí kòkó, ẹ sọ fún dókítà. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyẹn ń mú ẹran fò, ṣùgbọ́n pẹ̀lú itọ́ púpọ̀, òógùn àti èémí tó ń há ni. Tìyẹn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ya skáànù ní ìlú Òǹdó. Dókítà kọ̀wé pé ká wo fífò ẹran, a ò ṣe irú ẹ̀ rí. Báwo la ó ṣe ṣe é?

ÌDÁHÙN: Próòbù pẹrẹsẹ, 7 sí 12 MHz (bí ìró rẹ̀ ṣe ń yára gbọ̀n tó) tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kí ara rẹ̀ rọ̀ pátápátá. Ẹ dín ẹ̀rọ amúlétutù kù, nítorí gbígbọ̀n òtútù jọ fífò lójú ẹ̀rọ. Ẹ da jẹ́ẹ̀lì sí i dáadáa, ẹ gbé próòbù lé e ní ìdábùú, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín ti bẹ́ẹ̀dì kí ọwọ́ má baà mì: ọwọ́ ẹni tó ń yà á ló ń dá irọ́ sílẹ̀ jù.

Ẹ wo ibì kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó kéré tán: ẹran apá òkè, ẹran àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, itan, ẹ̀gbẹ́ ojúgun, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, àti ahọ́n láti abẹ́ àgbọ̀n. Tọ̀tún tòsì ni, kì í ṣe apá tó ń ṣàìsàn nìkan, torí bó ṣe tàn ká ni dókítà fẹ́ mọ̀.

Fífò tòótọ́ kì í pé ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í sì bá ìlù kankan mu. Igun kékeré nínú ẹran á ta, ìyókù á dúró. Èyí tó bá ń lọ déédéé, ẹ tan àwọ̀ Doppler, tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn hàn, sí i, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni yóò jẹ́. Bí gbogbo ẹran bá sún pọ̀, aláìsàn ló mú ara le fúnra rẹ̀.

Fídíò ni kí ẹ tọ́jú. Àwòrán dídì tí a sábà ń tẹ̀ fún aláìsàn kò lè fi ohun tó ń fò hàn. Nínú ìwé èsì, ẹ kọ iye ìgbà tó fò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹran kọ̀ọ̀kan, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ fi wò ó.