Bí gáàsì bá dínkù, ẹ má tíì fún táńkì lóúnjẹ

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ ní ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tí iná táńkì bàógáàsì yín (táńkì tí ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ti ń jẹrà di gáàsì ìdáná) kì í jó dáadáa mọ́, pé èèpo ẹ̀gẹ́ ni ẹ ń kó sínú táńkì, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ ra ẹ̀rọ tí ń ka pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó: 7 kò kan, bó bá ṣe ń wálẹ̀ ló ṣe ń kan sí i) kí ẹ lè máa fi kọ̀ǹpútà darí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá èèpo yẹn dúró lónìí ná. Owó ẹ̀rọ lè dúró.

Òdógbolú ni táńkì tèmi wà, kúbíìkì mítà mẹ́jọ. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kò sì yọ mí lẹ́nu. Lọ́dún kan tí gààrí gbówó lórí, àwọn ìyá tó ń yan gààrí ládùúgbò wa ń lọ ẹ̀gẹ́ tọ̀sán-tòru, omi tó ń kán lára àpò tí wọ́n gbé òkúta lé ń ṣàn dé ojú títì. Mo ní ọ̀fẹ́ rèé. Kẹ́ẹ̀gì márùn-ún ni mo ń dà sí i lójúmọ́. Ẹ sì mọ gààrí Ìjẹ̀bú, a kì í yan án láìjẹ́ pé ó kan. Omi yẹn ti di ásíìdì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Fún ọjọ́ mẹ́ta báàgì gáàsì wú bí ikùn aboyún, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kẹrin ó ṣì wú, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣáná sí sítóòfù, iná a là fìrì, a sì kú. Mo ti pépà tí ń ka pH bọ omi táńkì: pH 7. Mo rò pé ebi ló ń pa á, mo bá fi kẹ́ẹ̀gì kan kún un. Ìwà òmùgọ̀ gbáà! Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje, pH ti já sí bíi 5.5, òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbẹ́ mọ́, omidùn ọjọ́ mẹ́rin ni.

Oríṣi kòkòrò àìfojúrí méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan ń sọ sítáàṣì di ásíìdì, wọ́n yára. Àwọn kejì ń sọ ásíìdì di methane, gáàsì tó ń jó, wọ́n lọ́ra, bí ásíìdì bá sì pọ̀ jù, ó ń pa wọ́n lára. Bicarbonate inú omi, irú ohun tó wà nínú baking soda, ló ń gbé ásíìdì mì fún wọn, bó sì ti ń gbé e mì ló ń tú carbon dioxide, gáàsì tí kì í jó, jáde. Òun ló wú báàgì mi. pH kò ní í mì títí bicarbonate yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìgbà tó bá fi máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ní ti kọ̀ǹpútà, àwòṣe ADM1 (ìṣirò tí ń fara wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táńkì) tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2002 ní ohun tó lé ní 20 tó ń ṣírò pọ̀. Èmi àti ẹ̀yin kò ní yàrá àyẹ̀wò tó lè bọ́ ọ. Ti ọdún 2001 látọwọ́ àwọn ará Faransé, tí wọ́n dán wò lórí omi ìdọ̀tí ọtí wáìnì, kò kọjá oríṣi kòkòrò méjì yìí. Èyí tó là mí lójú nínú rẹ̀ ni pé táńkì kan náà, oúnjẹ kan náà, lè fìdí kalẹ̀ síbi méjì: ibi tó ti ń mú gáàsì wá, àti ibi tó ti kan. Bó bá ti ṣubú sí ìkejì, dídín oúnjẹ padà sí iye tàtijọ́ lè máà gbé e dìde.

Ohun tí mo ń wò báyìí ni FOS/TAC: FOS ni iye ásíìdì inú omi, TAC ni agbára tí omi ní láti gbé ásíìdì mì. Mo ń sẹ́ omi táńkì, mo ń wọn 20 ml, mo ń kán ásíìdì sulphuric 0.1 N sí i títí pH yóò fi di 5.0, lẹ́yìn náà 4.4 (ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà o). Iye mílílítà àkọ́kọ́, títí dé 5.0, lọ́nà 250 ni TAC. Ìkejì, láti 5.0 sí 4.4, lọ́nà 1.66, ẹ yọ 0.15 kúrò, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 500, FOS nìyẹn. Bí FOS tí ẹ pín sí TAC bá wà lábẹ́ 0.3, mo lè fi díẹ̀ kún oúnjẹ. Bó bá kọjá 0.4, mo dáwọ́ dúró.

Ẹ má da láìmù (ẹfun, kì í ṣe èso) sí i lẹ́ẹ̀kan náà bíi tèmi. Ó fa carbon dioxide inú gáàsì mọ́ra débi pé báàgì fún pọ̀ wọnú, ó kù díẹ̀ kó ya. Baking soda díẹ̀díẹ̀ ló dára, pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù tútù láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni mo fi wà lẹ́nu rẹ̀ kí iná tó padà ní àwọ̀ búlúù.

Ẹ sọ bí táńkì yín ṣe tóbi tó àti iye tí ẹ ń kó sí i lójúmọ́, ká lè mọ bó ṣe le tó.